Bàbá Ìbàdàn, ẹni tó ń ka agbọ́n

Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ mọ̀ pé gàrí ni mò ń ṣe tà ní Ìsánlú níbí. Ọ̀rọ̀ gàrí náà ni ti òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi ọjọ́ ìlú ló ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n pe èèyàn síwájú lọ́jọ́ náà títí ó fi sú wa. Kọngílá tó da ọ̀dà sí títì kan (títì náà ti ń bó o, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀), olóṣèlú mẹ́ta, ọmọkùnrin kan tó ń kọrin l'Ábújá. Onílù ń kì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò bàbá mi wà lábẹ́ kánópì ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń bu ìrẹsì, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Olóòtú ètò tajú kán rí i, ó ní, "Bàbá Ìbàdàn náà ń bẹ níbí o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó parí síbẹ̀.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, Bàbá Kòkòrò ni a máa ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, torí a gbọ́ pé kòkòrò ló ń sìn ní Ìbàdàn. Ìyá wa àgbà a ní ṣé adìẹ ló tán láyé ni?

Ìgbà tí ẹ̀gẹ́ wá di oúnjẹ òòjọ́ mi ni mo tó bi í léèrè. Mò ń di jáàkì mọ́ àpò gàrí lọ́wọ́, ó jókòó sórí òkúta, ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń pa àlọ́. Ó ní ní nǹkan bí ọdún 1973, kòkòrò kan yọ lára ẹ̀gẹ́ ní ìhà Kóńgò, funfun bí ẹni wọ́n ẹfun sí ewé. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ibi tí ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n ohun tó ń pa á níbẹ̀ kò bá a wá. Á máa fa omi ara ẹ̀gẹ́, orí ẹ̀gẹ́ á ká jọ bí irun tí wọn ò yà, ẹni tó bá wà á kò ní rí nǹkan gidi nídìí rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi wọ Nàìjíríà.

Kì í ṣe oògùn ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀. Hans Rudolf Herren, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Íbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí wọ́n lọ wá ohun tó ń pa á nílé rẹ̀. Ní Paraguay ni wọ́n ti rí i: agbọ́n tíntínní kan, kò gùn tó èékánná ọmọ tuntun. Á yé ẹyin sínú kòkòrò funfun yẹn, ọmọ rẹ̀ á jẹ ẹ́ láti inú títí yóò fi gbẹ bí èèpo ẹ̀wà, agbọ́n tuntun á dá ihò sí i lára, á jáde. Ní 1981 ni wọ́n kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ n'Íbàdàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi bàlúù tú u ká ilẹ̀ Áfíríkà. Herren gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995.

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni tiyín?"

"Èmi? Mo máa ń ka agbọ́n."

Á sin kòkòrò funfun lórí ẹ̀gẹ́ kí agbọ́n lè rí jẹ, á kó agbọ́n sínú ìgò, á kà á. Ó ní bí ẹni ń ka ìrẹsì tó ń fò ni.

Ẹ wò ó, títì tó ń bó, gbogbo wa ló ń rí i. Ìyàn tí kò wọlé, ta ni yóò lu ìlù fún un? Ní July 2025, nígbà tí Super Falcons gba ife ní Mòrókò, Ààrẹ fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní 100,000 dọ́là pẹ̀lú ilé. Mo jó títí ẹsẹ̀ fi wú, n ò sì fẹ́ kí wọ́n yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n 100,000 dọ́là náà ni ẹ̀bùn sáyẹ́ǹsì tí NLNG, ilé iṣẹ́ gáàsì, ń fúnni. Èmi náà ò mọ́ nínú ẹ̀: ní 2022 tí àwọn olùkọ́ fásitì daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, tí ọmọ mi wà nílé, èébú tí mo bú wọn kò ṣeé kọ síbí.

N ò ní gbè sẹ́yìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tán o. Òyìnbó ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Mo bi Bàbá pé kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní, "Ta ló bi mí?" N ò rí èsì fọ̀.

Sátidé tó kọjá, ó bá mi dé oko. Kó tó kí àwọn tó ń hú ẹ̀gẹ́, ó ti ń yí ẹ̀yìn ewé wò. Ó wo ti àkọ́kọ́, ó wo mẹ́ta, mẹ́rin, ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Bàbá, kí lẹ rí?"

"Kò sí nǹkan kan." Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

Ó ní kí n bá òun wọn múdù gàrí méjì, èyí tí kò kan jù. Mo wọn mẹ́rin. Ó jàjà sanwó rẹ̀ dandan.