Sáfà Kan fún Iṣẹ́ Mẹ́ta: Bí A Ṣe Gbé VM Kalẹ̀ ní Ọ́fíìsì Oníkajú kan ní Kàbà

Ní oṣù Kejìlá ọdún tó kọjá, kí àsìkò kajú tó wọlé, bàbá kan tó ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Kàbà àti ní àwọn abúlé Bùnú ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá wo àwọn kọ̀ǹpútà tó wà ní ọ́fíìsì àwọn. Mo kí wọn pé, "Ọ̀kun o, Bàbá," wọ́n sì dá mi lóhùn, "Ọ̀kun, ọmọ mi, káàbọ̀," kí wọ́n tó mú mi lọ sí yàrá kékeré kan lẹ́yìn ibi ìkẹ́rù, níbi tí kọ̀ǹpútà mẹ́ta ti jókòó sórí tábìlì kan. Inú ọ̀kan ni ètò ìṣirò owó wà. Inú èkejì ni wọ́n ń kó àwòrán risíìtì àti ìwé àdéhùn sí. Ẹ̀kẹta ni wọ́n so mọ́ òṣùwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń wọn àpò kajú. Eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo wọn, èyí tí ètò ìṣirò owó wà nínú rẹ̀ sì ti jóná níbi tó ti ń gba iná, débi pé fún odindi ọjọ́ méjì ni wọn kò fi mọ iye tí wọ́n jẹ ẹnikẹ́ni.

Mo dábàá pé kí a ra sáfà (server) kan ṣoṣo, ìyẹn kọ̀ǹpútà alágbára tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, kí a sì fi iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí virtual machine mẹ́ta. Bàbá gbọ́ mi tán, wọ́n wá bi mí pé, "Bí ẹ̀rọ kan yìí bá wá kú lọ́jọ́ kan ńkọ́, ṣé gbogbo wa la máa jókòó lásán?" Ìbéèrè yẹn tọ̀nà gan-an, òun ni mo sì gbé sí iwájú ara mi ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ náà fi ń lọ. Mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ àwa tí a ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún àwọn ilé ìtajà kéékèèké láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀ kì í bi ara wa ní ìbéèrè náà títí ọjọ́ tí nǹkan yóò fi bàjẹ́.

Virtual machine, tí àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí ń pè ní VM, jẹ́ kọ̀ǹpútà tí kò ní irin tirẹ̀. Sọ́fítíwíà kan tí wọ́n ń pè ní hypervisor ló ń bu agbára processor, RAM àti àyè dísíìkì fún un láti ara irin tó wà nílẹ̀, Windows tàbí Linux tí a bá sì fi sínú rẹ̀ yóò máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé òun nìkan ló ni ilé. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun, nítorí láàárín ọdún 1960 sí 1969 ni IBM ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ ńláńlá wọn, wọ́n sì gbé VM/370 jáde ní ọdún 1972. Ohun tó mú un dé ọ́fíìsì irú ti bàbá ni pé Intel àti AMD bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìrànwọ́ fún VM sínú processor tí gbogbo ayé ń rà ní ọdún 2005 àti 2006, KVM, tó jẹ́ hypervisor ti Linux, sì wọ inú Linux ní ọdún 2007. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é kọ́kọ́ wọ inú BIOS (ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀) lọ wò ó, kó wá VT-x tàbí AMD-V, tó jẹ́ orúkọ tí Intel àti AMD ń pe ìrànwọ́ náà, nítorí wọ́n lè ti pa á láti ilé iṣẹ́, bí kò bá sì sí ní títàn, KVM kò ní ṣiṣẹ́.

Proxmox VE, sọ́fítíwíà tí a fi ń ṣẹ̀dá VM tí a sì fi ń darí wọn, ni mo yàn. Ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Vienna ní orílẹ̀-èdè Austria ló ṣe é, ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2008, orí Debian, irú Linux kan, ló dúró sí, KVM ló sì ń lò. A lè lò ó láìsan owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò máa rán ọ létí pé o kò tíì sanwó ìtọ́jú nígbàkígbà tí o bá wọlé. Láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn nínú ọ́fíìsì la ti ń darí rẹ̀, nínú aṣàwákiri (browser), ní pọ́ọ̀tì 8006. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ṣí pọ́ọ̀tì yìí sí íntánẹ́ẹ̀tì láéláé.

Kí n tó ṣẹ̀dá VM kankan, mo jókòó pẹ̀lú akọ̀wé bàbá, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, a sì ṣírò ohun tí irin náà ní gan-an sórí ìwé. RAM rẹ̀ jẹ́ 32GB, core processor rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, dísíìkì SSD 960GB méjì ló wà nínú rẹ̀. A fún ètò ìṣirò owó ní 12GB, a fún ti òṣùwọ̀n ní 6GB, a sì fún ti ìkófáìlìsí ní 4GB, èyí jẹ́ 22GB. ZFS tí a fi tọ́jú dísíìkì máa ń gba RAM tirẹ̀ pẹ̀lú. Proxmox ti òde òní máa ń fi í mọ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kalẹ̀, nítorí náà a kọ 3GB sílẹ̀ fún un, a kọ 3GB mìíràn fún Proxmox fúnra rẹ̀, ó ku 4GB tí a kò fọwọ́ kàn. Ti processor rọrùn ju èyí lọ: a fún VM kọ̀ọ̀kan ní core méjì, ó di mẹ́fà lórí mẹ́rin, kò sì sí ìyọnu níbẹ̀ nítorí kì í ṣe ìgbà kan náà ni gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ àṣekára. RAM kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá pín in kọjá ohun tó wà, tí gbogbo wọn sì béèrè fún un lẹ́ẹ̀kan náà, Linux yóò pa VM kan kí ìyókù lè mí.

Ti àyè dísíìkì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí ibẹ̀ ni mo ti jẹ̀bi rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gbé irú ẹ̀rọ yìí kalẹ̀ fún ilé ìtajà oògùn kan ní Ìsánlú, lórí SSD kan ṣoṣo tó jẹ́ 480GB. Bí Proxmox ṣe ń ṣètò dísíìkì bí a kò bá yí i padà, ó máa ń lo ohun tí wọ́n ń pè ní thin pool: bí ẹ bá sọ fún un pé kí ó fún VM ní 200GB, yóò ní ó dára, ṣùgbọ́n ohun tí VM bá kọ sílẹ̀ nìkan ni yóò bù fún un. Mo fún VM mẹ́rin ní 200GB ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ 800GB lórí ohun tí kò tó 480GB, mo sì sọ fún ara mi pé yóò pẹ́ kí wọ́n tó lò ó tán. Ṣáájú àtúnṣe kan, mo ya snapshot VM tí ìṣirò oògùn wà nínú rẹ̀, kí n lè padà sẹ́yìn bí nǹkan bá bàjẹ́. Àtúnṣe náà lọ dáadáa, mo sì gbàgbé snapshot náà síbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Bí snapshot bá wà, gbogbo ohun tí VM bá yí padà ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ sí ibòmíràn, nítorí kò gbọdọ̀ ba ti àtijọ́ jẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, n kò fi àmì sí ibi tí wọ́n kọ Discard sí nínú ètò dísíìkì náà, nítorí náà fáìlì tí wọ́n bá pa rẹ́ nínú Windows kò dá àyè kankan padà fún sáfà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan, thin pool náà kún dé ìdá ọgọ́rùn-ún. VM mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró gbagidi, àmì aláwọ̀ ìyeyè jáde lára wọn, wọ́n sì kọ "io-error" sí i. Windows fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí lójú tirẹ̀ dísíìkì òun ṣì ní àyè tó lé ní 90GB. Mo pa snapshot náà rẹ́, àyè yọ, VM náà sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí àkọsílẹ̀ títà wà ti dàrú, a sì ní láti padà sí ẹ̀dà ti alẹ́ àná. Ìyá tó ni ilé ìtajà náà àti ọmọ wọn jókòó, wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ gbogbo risíìtì ìdajì ọjọ́ kan padà. Ìyá kò bú mi, ṣùgbọ́n mo rí bí wọ́n ṣe ń ṣí àwọn risíìtì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń gbé awò ojú wọn sókè, tí wọ́n tún ń gbé e sílẹ̀, mi ò sì lè gbàgbé rẹ̀.

Nítorí náà ní Kàbà, SSD méjèèjì ni mo fi ṣe mirror nínú ZFS, kí ohun tó wà lórí ọ̀kan lè wà lórí èkejì. Àpapọ̀ ohun tí a pín fún VM mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 560GB, Discard wà lórí gbogbo wọn, a sì kọ ọ́ mọ́ ara ògiri pé snapshot kankan kò gbọdọ̀ lo ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ ń fi Windows sínú VM lórí Proxmox, tó sì yan irú dísíìkì àfarawé tí wọ́n ń pè ní VirtIO SCSI, yóò pàdé ohun kan tó máa ń kó ìpayà báni: Windows yóò ní òun kò rí dísíìkì kankan. Dísíìkì wà níbẹ̀. Ohun tí kò sí ni dráfà (driver) rẹ̀, ìyẹn sọ́fítíwíà tí Windows fi ń bá a sọ̀rọ̀, nítorí dráfà VirtIO kì í bá Windows wá. Ẹ wa fáìlì ISO ti virtio-win, ẹ so ó mọ́ VM náà gẹ́gẹ́ bí CD kejì, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ "Load driver" sí, kí ẹ sì wọ inú fódà vioscsi lọ mú ti Windows tí ẹ ń lò. Dísíìkì náà yóò yọjú lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi QEMU guest agent sí i, ètò kékeré tí Proxmox fi ń bá Windows tó wà nínú VM sọ̀rọ̀, nítorí òun ni a ó nílò nígbà tí iná bá lọ.

Òṣùwọ̀n fún wa ní iṣẹ́ díẹ̀. Wáyà rẹ̀ máa ń wọ inú USB, a sì gbọ́dọ̀ fi USB yẹn lé VM lọ́wọ́ tààrà. Proxmox fún wa ní ọ̀nà méjì: kí a fi nọ́ńbà tó wà lára wáyà náà mọ̀ ọ́n, tàbí kí a fi ihò tí a ti wáyà náà bọ̀ mọ̀ ọ́n. Ihò ni mo yàn, nítorí irú wáyà yìí máa ń tètè bàjẹ́, èyí tí a bá sì rà rọ́pò rẹ̀ lè ní nọ́ńbà mìíràn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọdékùnrin kan tó ń gbálẹ̀ yọ ọ́, ó sì tì í bọ inú ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òṣùwọ̀n dákẹ́. Akọ̀wé ló wá ojútùú sí i: ó lẹ tépù pupa mọ́ ihò náà, ó lẹ òmíràn mọ́ orí wáyà, kò sì tún ṣẹlẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Ọ̀rọ̀ iná kò ṣeé fojú fò dá lágbègbè wa. UPS wà lára sáfà náà, ìnfátà sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n UPS tí kò bá sáfà sọ̀rọ̀ yóò kàn sún àkókò tí gbogbo rẹ̀ yóò kú lójijì síwájú ni. Mo so wáyà USB láti ara UPS mọ́ sáfà, mo sì fi NUT, ètò tó ń gbọ́ ohun tí UPS ń sọ, sí i, kí ó lè mọ̀ pé iná ti lọ àti pé bátìrì ti ń rẹlẹ̀. Nígbà náà ni Proxmox yóò sọ fún VM kọ̀ọ̀kan pé kó pa ara rẹ̀ bó ti yẹ, ti òṣùwọ̀n àkọ́kọ́, ti ìṣirò owó tẹ̀ lé e, ti fáìlì kẹ́yìn, kí sáfà tó pa ara rẹ̀. Nínú BIOS, mo ṣètò pé kó tan ara rẹ̀ padà nígbà tí iná bá dé. A kò gba gbogbo èyí gbọ́ lórí ìwé nìkan o. Akọ̀wé fa UPS yọ lára ògiri, àwa méjèèjì sì dúró tì í títí iná kékeré tó kẹ́yìn fi kú lójú sáfà.

Ní ti ìwé àṣẹ Windows, ọ̀rọ̀ kan péré: ìwé àṣẹ Windows Server Standard kan, tó bá ti kárí gbogbo core ẹ̀rọ náà, gbà yín láàyè láti lo VM Windows méjì, bẹ́ẹ̀ sì ni méjì la nílò. Debian àti Samba, ètò tó ń jẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù rí fáìlì, ló wà nínú ẹ̀kẹta.

Mo padà sí ìbéèrè bàbá. Mirror kò dáhùn rẹ̀, nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni bá pa rẹ́ lórí SSD kan, ó ti parẹ́ lórí èkejì nìyẹn. Snapshot kò dáhùn rẹ̀, nítorí inú irin kan náà ló wà. Nínú kọ̀ǹpútà mẹ́ta àtijọ́ tí mo bá níbẹ̀, méjì ṣì dára lẹ́yìn tí a fọn eruku inú wọn dànù. Mo fi Proxmox Backup Server sínú ọ̀kan, a sì gbé e sí ìkángun kejì ọgbà, níbi tí sáfà yóò máa fi ẹ̀dà VM mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí ní aago mọ́kànlá alaalẹ́. Ohun tó bá yí padà nìkan ló ń gbà, nítorí náà kì í pẹ́. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, akọ̀wé ń da ẹ̀dà kan sórí háàdì dísíìkì tí bàbá ń gbé lọ sílé, méjì ni háàdì náà, a sì ń fi wọ́n pààrọ̀ ara wọn. Kọ̀ǹpútà kejì, tí RAM rẹ̀ jẹ́ 16GB, ni mo fi Proxmox sí láìfi ohunkóhun mìíràn kún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kìíní, kí ẹnikẹ́ni tó gbé àpò kajú wá, mo pa sáfà tuntun náà níwájú bàbá. Mo lọ sídìí kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn, mo gba ẹ̀dà VM ìṣirò owó padà sórí rẹ̀, mo dín RAM rẹ̀ kù láti 12GB sí 8GB kó lè gbà á, mo sì tan án. Ó gbà wá ní àádọ́ta ìṣẹ́jú. Bàbá kò kúrò níbẹ̀. Wọ́n fa àga kan, wọ́n jókòó. Nígbà tí ètò náà ṣí, akọ̀wé wá risíìtì tó kẹ́yìn, ó ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè, bàbá sì ṣí ìwé risíìtì tó wà lórí itan wọn sí ojú ewé tí wọ́n kọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n fi ìka tẹ̀ lé e, wọ́n ní, "Òun náà ni."