Ìgbì Dé Pákátà

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ gígun ìgbì omi lórí pákó ní Ìlọrin, àfi kó kọ́kọ́ wá ibi tí ìgbì wà. Lóòótọ́, odò Asà la ìgboro kọjá, a sì ní ìsédò tí omi ẹ̀rọ wa ti ń wá, ṣùgbọ́n ìgbì ibẹ̀ kò lè da pẹ́pẹ́yẹ láàmú. Èyí kò kan àbúrò mi. Ọmọ àbúrò màmá mi ni, Èkó ló ń gbé, Tarkwa Bay, etíkun kan níbẹ̀, ló sì ti ń gun ìgbì, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ní ń gbéni débẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé mò ń bọ̀ wá lo ọlidé lọ́dọ̀ òun, ó pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń dìde nílé. Orí ilẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi ọmọ Àfọ̀njá, ọmọ ìlú tí ẹṣin ti jẹ́ eégún ilé, tí mo ti ń wo bí wọ́n ṣe ń sáré ẹṣin níwájú ààfin nígbà Ìléyá láti kékeré, kí ni omi fẹ́ fi mí ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, n kò gun ẹṣin rí o, ibi tí mo ti wá ni mo kàn ń sọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wàá dojú bolẹ̀ lórí pákó, wàá máa fi ọwọ́ méjèèjì wa omi. Tí ìgbì bá ti ń ti ìdí pákó, wàá tẹ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà, wàá fò dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ kan níwájú, èkejì lẹ́yìn, orúnkún á tẹ̀, ojú á máa wo iwájú. Ó tún ní wọ́n máa ń fi ìda pa ojú pákó kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Àbẹ́là tí a ń tàn nígbà tí iná bá lọ ni mo rí. Pákó bíríkìlà kan wà lẹ́yìn ilé wa ní àdúgbò Pákátà, mo wọ́ ọ wá sí àárín agbo ilé, mo fi àbẹ́là kùn ún títí ó fi ń dán. Ẹ fi dídán yẹn sọ́kàn.

Lẹ́yìn ìrun àsárì, mo dojú bolẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wa erùpẹ̀. Eruku sọ. Mò ń wà á, mò ń retí ìgbì, n kò mọ̀ pé Ìyá Àlájà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti gbé abọ́ wàrà jáde láti yàrá wọn. Mo ké "Ó ti dé!", mo fò dìde. Àbẹ́là gbà mí. Pákó lọ síhìn-ín, èmi lọ sọ́hùn-ún, mo gbá abọ́ wàrà dànù lọ́wọ́ Àlájà.

"Lá iláha illa-llá! Ẹ gbà mí o! Gìrì ti mú àgbàlagbà!"

Kí n tó gbọn eruku, agbo ilé ti kún. Ẹnì kan di ẹsẹ̀ mi mú, ẹnì kan ní kí wọ́n mú ṣíbí wá. Àfáà ilé kéwú tó wà lójúlé kejì dé tòun ti àwọn ọmọ kéwú rẹ̀. Ewúrẹ́ nìkan ni kò dá sí ọ̀rọ̀ mi, wàrà ló ń jẹ.

"Àlájà, ara mi yá. Ìgbì ni mò ń gùn."

Wọ́n dákẹ́. Àlájà wo Àfáà, Àfáà wo òkè.

"Ìgbì? Ní Pákátà?"

Wọ́n bá di apá mi náà mú. Kí wọ́n tó tú mi sílẹ̀, mo ti mu hàǹtú, tàdáwà tí wọ́n fọ̀ kúrò lára wàláà, títí ètè mi fi dúdú. Ìgbà yẹn ni mo tó rí fóònù mi. Àbúrò mi fi fídíò ara rẹ̀ ránṣẹ́, òun lórí pákó, ìgbì ńlá lẹ́yìn rẹ̀. Àlájà wò ó títí.

"Ta ló ń lé e?"

Mo ní kò sẹ́ni tó ń lé e, eré ìdárayá ni, wọ́n tilẹ̀ fi díje nínú Òlíḿpíìkì tó wáyé ní Japan lọ́dún 2021. Wọ́n ní kò burú, kí wọ́n máa ṣe é ní Japan. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ kéwú ò ṣeré mìíràn mọ́: wọ́n á dojú bolẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ńtì, wọ́n á máa wa erùpẹ̀. Kí n má parọ́, wọ́n mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Pákó alákòóbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fún mi ní Tarkwa Bay gùn jù mí lọ, fóòmù ni, kò fẹ́ àbẹ́là. Okùn kan wà nídìí rẹ̀ tí àbúrò mi so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ mi. Ẹṣin ni wọ́n ń kó ìjánu sí lẹ́nu. Níbí, ẹni tó fẹ́ gùn ni wọ́n ń so.

"Ẹ wà á, ẹ̀gbọ́n! Ẹ wà á! Ẹ dìde, sà!"

Mo dìde, mo wo ẹsẹ̀ mi bóyá ó wà níbi tó yẹ. Imú pákó wọ omi, èmi náà tẹ̀ lé e. Omi òkun gba imú wọlé, ó gba ẹnu jáde. Hàǹtú dùn jù ú lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wo ẹsẹ̀. Kò síbi tó ń lọ."

Nígbà tó yá, ó mú mi sún mọ́ etí omi, níbi tí ìgbì ti fọ́, tó kàn ń hó funfun. Ọ̀kan gbé ìdí pákó mi. Mo tẹ ọwọ́ mọ́ ọn, mo gbé orúnkún kan, mo gbé èkejì, ìyókù ara mi ní òun ò dìde mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ gbọnyin títí ìgbì fi jù mí sórí yanrìn, síwájú àwọn tó wá gbafẹ́.

Àbúrò mi sáré dé, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò kọ́ mi ní kíkúnlẹ̀.

Mo ní bí a ṣe ń gùn ún ní Ìlọrin nìyẹn.