Ohun Tí Iṣẹ́ Rédíò Kọ́ Mi Kí N Tó Fi Í Sílẹ̀

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí oṣù kan tí ọ̀dọ́ kan kì í kọ̀wé sí mi pé òun fẹ́ di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ni mo ṣe lè wọ ilé iṣẹ́ rédíò?" Mo fẹ́ dá gbogbo wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé nígbà tí èmi béèrè, àdúrà lásán ni wọ́n gbà fún mi. N kò wá lé ẹnikẹ́ni sá. Mo fẹ́ràn rédíò títí dòní. Bí wọ́n ṣe ṣètò iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ wa ni ọkàn mi kúrò lára rẹ̀.

Ìbàdàn ni mo ti ṣe é, ìlú tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà Awólọ́wọ̀ ti dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ lọ́dún 1959, tí rédíò WNBS sì bá a rìn. Àwọn àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́, ilé iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ti lo ìgbà tiwọn. Owó oṣù ń wọlé, wọ́n ń gba ìsinmi ọdọọdún, wọ́n sì mọ̀ pé owó ìfẹ̀yìntì ń bẹ níwájú. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń ka ìròyìn láìgbé ohùn sókè níbi tí kò yẹ, bí a ṣe ń mí láìjẹ́ kí olùgbọ́ gbọ́ ọ, bí a ṣe ń yẹ orúkọ ìlú wò ká tó pè é, torí pé ará Ṣakí kò ní gbàgbé ẹni tó ṣi orúkọ ìlú rẹ̀ pè. Ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ayé tí wọ́n ti lò ó ti kọjá lọ. Òfin 38 tọdún 1992 ló dá NBC sílẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, tó sì ṣí ilẹ̀kùn fún aládàáni. Rédíò Raypower ló ṣíwájú wọn l'Ékòó lọ́dún 1994. Láti ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ rédíò ti ń pọ̀ sí i. Béèyàn bá ń yí rédíò n'Ìbàdàn báyìí, kò ní tíì yí i jìnnà kó tó bá ilé iṣẹ́ mìíràn pàdé. Àwọn tó ń sanwó ìpolówó kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ nìyí: ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aládàáni, àkókò ni wọ́n ń tà. Ètò yín dà bí ẹní tí wọ́n tẹ́ kí oníbàárà lè ríbi jókòó. Nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ tèmi, owó oṣù wà lójú ìwé àkọ́kọ́. Ojú ìwé kejì ni wọ́n kọ ọ́ sí pé atọ́kùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ìpolówó tó tó iye kan wá lóṣooṣù, bí kò bá sì mú un wá, owó oṣù rẹ̀ á dín. Nígbà tó yá, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ kí ètò òun máa lọ, kó wá onígbọ̀wọ́ tàbí kó ra àkókò náà fúnra rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ ṣe di oníbàárà ọ̀gá rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan wà tó mọ̀ọ́mọ̀ yan ríra àkókò, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ aládàáni tí ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ FIBAN. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Wọ́n mọ̀ pé òwò làwọn ń ṣe, wọ́n sì ń ṣírò èrè àti àdánù bí olówò. Ẹni tí ìyà ń jẹ jù ni ẹni tí wọ́n pè ní òṣìṣẹ́ lórí ìwé, tí wọ́n wá ń bá lò bí olówò láìfún un lómìnira olówò.

Mo gbé lẹ́tà kiri ìlú láti wá onígbọ̀wọ́. Mo dé ọ̀dọ̀ Alhaji kan tó ń ta pákó ní Bódìjà. Bí mo ṣe kí i báyìí, ó dá ohùn mi mọ̀, ló bá ké pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀: "Ẹ sáré wá, ẹ wá wo ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn fún wa láràárọ̀!" Gbogbo wọn jáde tìyẹ̀fun igi tìyẹ̀fun igi, wọ́n yí mi ká, wọ́n ní ká ya fọ́tò. Wọ́n ra mínírà fún mi. Mo wá mú lẹ́tà jáde. Alhaji wo iye tó wà níbẹ̀, ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó rọra dá a padà sí mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ohùn rẹ dùn mọ́ wa o, Ọlọ́run á máa ràn ọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọ́lé ti mọ̀nà Bódìjà. Kí ni mo fẹ́ polówó sí?" Ó fún mi lówó mọ́tò. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, nítorí òótọ́ ló sọ. Ìfẹ́ tí àwọn ọmọ yẹn fi yọ̀ mọ́ mi kì í ṣe ẹ̀tàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe owó. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa: ẹ lè gbajúmọ̀ jákèjádò ìlú kí ẹ máà lè san owó ilé, onílé yín gan-an ló sì máa kọ́kọ́ sọ pé, "Ẹ̀yin tí à ń gbọ́ lórí rédíò!"

Kí ló wá ń bọ́ wa? Òde ìnáwó. Ọjọ́ Sátidé ni owó oúnjẹ ọ̀pọ̀ nínú wa ń wọlé, níbi tí a ti ń darí ayẹyẹ tàbí tí a ti ń ṣe alága ìjókòó. Gbénga Adébóyè tó kú lọ́dún 2003, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn olùgbọ́ rédíò nílẹ̀ Yorùbá, kò fi rédíò nìkan jẹun: ó ń ṣe àwo jáde, ó ń dẹ́rìn-ín pa àwọn èèyàn lóde àríyá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́, kó tètè mọ iṣẹ́ kejì tí ohùn rẹ̀ lè ṣe.

Mo bínú sí àwọn ọ̀gá wa fún ìgbà pípẹ́. Ìbínú náà rọ̀ díẹ̀ nígbà tí mo jókòó ti akáǹtáǹtì wa, tó ṣàlàyé ibi tí owó ń gbà lọ. Ọdún márùn-ún péré ni ìwé àṣẹ NBC ń gbé kí wọ́n tó tún owó rẹ̀ san. Àjọ náà tún ń gba ìdá méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá wọlé lọ́dún. Iná kò dúró, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń gbé ohùn wa dé etí yín, epo dísẹ́ẹ̀lì sì gbówó lórí lọ́dún 2022 débi tí àwọn ilé iṣẹ́ kan fi dín wákàtí tí wọ́n ń lò lórí afẹ́fẹ́ kù. Lóṣù Ògọ́ọ́sì ọdún yẹn kan náà ni NBC kéde pé òun gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n 52 nítorí gbèsè tó lé ní bílíọ̀nù méjì náírà, tìjọba ìpínlẹ̀ sì wà lára wọn. Ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Nínú gbogbo ìnáwó yìí, owó sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ nìkan ló rọrùn láti gé. Epo kì í gba ẹ̀bẹ̀. Èèyàn ń gbà á.

Ta ló wá ń rówó ra wákàtí kan gbáko? Olóṣèlú, oníwàásù, àti alágbo. N kò bá ewé àti egbò jà. Àgbo ni ìyá mi fi tọ́ mi dàgbà. Ṣùgbọ́n òfin ní kí NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, fọwọ́ sí ìpolówó oògùn kó tó dé orí afẹ́fẹ́, ohun tí à ń gbọ́ kò sì jọ ohun tí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí: ìgò kan ṣoṣo tó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ìtọ̀ ṣúgà, àìrọ́mọbí àti ojú tó ń ṣú.

Lọ́jọ́ kan, mo jókòó ní sítúdíò, mo ń dúró kí alágbo kan parí kí ètò tèmi tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan pè. Ó ní, "Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń dà mí láàmú. Látọjọ́ tí ẹ ti sọ ọ́ ni mo ti dá oògùn ọsibítù dúró, tiyín nìkan ni mò ń mu. Àmọ́ òòyì ń kọ́ mi." Alágbo ní kí ìyá fi kún ìwọ̀n tó ń mu. Wọ́n gé ìlà, orin wọlé.

Nígbà tó kàn mí, mo kí àwọn olùgbọ́, mo ní, "Ìyá wa tó pè lẹ́ẹ̀kan, ẹ dákun, ẹ padà sí ọsibítù yín lónìí. Ẹ mú ìgò yẹn dání kí dókítà rí i." Mo tún un sọ láàárín ètò, mo sì tún fi parí rẹ̀. Kí n tó jáde, ọ̀gá ti ń dúró dè mí. Alágbo ti pè é pé òun máa kó owó òun lọ síbòmíràn. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ dá sí ètò ẹlòmíràn mọ́. N kò gbọ́ ohùn ìyá yẹn mọ́ láti ìgbà náà. Ara mi ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ọkàn mi kò bá a lọ.

Ìyá yẹn kò mọ̀ pé ẹni tó ra àkókò yàtọ̀ sí ẹni tó ń ka ìròyìn. Létí tirẹ̀, gbogbo wa pátá ni "ẹ̀yin". Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn kan fi ń sọ òótọ́ fún un láràárọ̀ kó tó gba rédíò gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn gan-an ni ọjà tí wọ́n ń tà, àwọn tó kó o jọ kọ́ ló sì ń gbowó rẹ̀. Èyí ló dùn mí ju owó oṣù tí kò dé lọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi ohùn yín ka ìpolówó oògùn, ẹ ní kí wọ́n kó ìwé àṣẹ NAFDAC wá kí ẹ rí i. Ìbéèrè jẹ́ẹ́ ni, kò sí ọ̀gá tó lè pè é ní àfojúdi.

Ti ìṣèlú ò pọ̀ lẹ́nu mi. Látìgbà tí NBC ti bu ìtanràn mílíọ̀nù márùn-ún náírà lé ilé iṣẹ́ rédíò Nigeria Info l'Ékòó ní 2020 nítorí ọ̀rọ̀ tí àlejò kan sọ, ẹ̀rù ti wọ inú àwọn ọ̀gá. Bí olùgbọ́ bá pè nípa ọ̀nà tó bàjẹ́, tó wá fẹ́ dárúkọ ẹnì kan, ọwọ́ ti wà lórí bọ́tìnì. Ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà nínú rẹ̀, tó sì ti sú yín, n kò ní sọ pé kí ẹ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Ẹ kọ́kọ́ gba ohun tó jẹ́ tiyín. Ẹ máa ṣe ẹ̀dà ètò yín sí kọ̀ǹpútà tara yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí mo béèrè tèmi, wọ́n ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láti fi àyè gba orin. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé pé ta ló ni orúkọ ètò. Orúkọ tí mo fi ọwọ́ ara mi sọ ètò mi, ẹlòmíràn ló ń lò ó lónìí. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí ọ̀gá san ìdá mẹ́wàá, kí òṣìṣẹ́ san ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má wo ohun tí wọ́n yọ lára owó oṣù yín nìkan, ẹ bi àwọn tó ń tọ́jú owó náà bóyá ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá jẹ yín lówó, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ kọ déètì sí i, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan.

Kí ẹ sì dágbére fún àwọn olùgbọ́ yín fúnra yín. Wọn kò fún mi láàyè láti ṣe é; nígbà tí mo lọ, wọ́n ní mo rìnrìn àjò. Àwọn ìyá kan ṣì ń béèrè ọjọ́ tí n óò dé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ̀wé sí mi, bí ilé iṣẹ́ kan bá gbà yín, ẹ fi ìwé ìgbanisíṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ fi gbogbo ojú ìwé rẹ̀ ránṣẹ́, àgàgà ojú ìwé kejì. Mo máa bá yín kà á.