Obìnrin Inú Lífítì

Sátidé, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́

Láti àárọ̀ àná ni Màámi ti ń béèrè obìnrin kan lọ́wọ́ mi. "Ṣé wọ́n ti wá yọ ọ́ báyìí?" Mo ní, "Màámi, ta ni wọ́n fẹ́ yọ?" Wọ́n ní, "Obìnrin inú lífítì yẹn ńkọ́? Àbí ibẹ̀ ló máa sùn?"

Ẹ̀bi mi ni. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo gbé fíìmù Faransé kan sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, mo jókòó ti Màámi lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí wọn létí bí ògbufọ̀ inú ṣọ́ọ̀ṣì. (Mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Faransé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, mo tún wá ń ṣe é nílé lọ́fẹ̀ẹ́.) Le Père Noël est une ordure ni wọ́n ń pe fíìmù náà, Jean-Marie Poiré ló darí rẹ̀ lọ́dún 1982. Tó bá jẹ́ èmi ni màá sọ ọ́ ní Yorùbá, "Pàǹtí ni Bàbá Kérésì" ni màá pè é. Alẹ́ ọdún Kérésì ni, ní Paris. Àwọn kan jókòó ti fóònù láti máa tu àwọn tí ayé ti sú nínú, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló yẹ kí wọ́n wá ẹni tí wọ́n máa pè. Madame Musquin tó wà lára wọn kó sínú lífítì, ó fẹ́ lọ ṣọdún tiẹ̀. Lífítì há. Ó pariwo pariwo, ó bú gbogbo wọn. Màámi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń fi etí ìró nu ojú. Ibẹ̀ gan-an ni iná lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà mi sì ti di arúgbó. Obìnrin náà ṣì wà nínú lífítì títí di ìsinsìnyí.

Josiane Balasko lórúkọ ẹni tó ṣe Madame Musquin. Paris ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1950. Ará Croatia ni bàbá rẹ̀. Balašković ni orúkọ ìdílé wọn kí ó tó gé e kúrú. Kafé làwọn òbí rẹ̀ ní. Ọ̀rọ̀ kafé yìí kì í kúrò lọ́kàn mi, torí ọmọ tó bá dàgbà sí irú ilé bẹ́ẹ̀, kò sí irú ọ̀rọ̀ tí etí rẹ̀ ò ní í gbọ́: ti ẹni tó yó, ti ẹni tó jẹ gbèsè, ti ẹni tí ìyàwó lé jáde.

Àwọn tó wá di ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ti irú ilé bẹ́ẹ̀ wá. Michel Blanc, Gérard Jugnot, Thierry Lhermitte àti Christian Clavier, ilé ìwé kan náà ni wọ́n lọ ní Neuilly, ìlú àwọn olówó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paris. Wọ́n dá tíátà kékeré kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Le Splendid, àwọn fúnra wọn ló ń kọ eré tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ẹ̀yìn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni Balasko dé, ó gba ipò Valérie Mairesse, kò sì kúrò mọ́. Látinú eré orí ìtàgé wọn ni Les Bronzés ti jáde lọ́dún 1978, fíìmù àwọn tó lọ gbádùn ọlidé tí wọ́n ń ṣe wèrè. Nígbà tí wọ́n ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta lọ́dún 2006, ó lé ní mílíọ̀nù 10 tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà ní ilẹ̀ Faransé. Mi ò fẹ́ràn ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn. Owó wá, ẹ̀rín ò fi bẹ́ẹ̀ wá.

Lálẹ́ àná, mi ò lè rí ti lífítì yẹn parí, torí fáìlì rẹ̀ ò ṣí mọ́. Mo bá fi òmíràn sí i: Trop belle pour toi, tí Bertrand Blier ṣe lọ́dún 1989. "Ó Rẹwà Jù fún Ẹ." Gérard Depardieu ni Bernard tó ń ta mọ́tò. Ìyàwó rẹ̀ ni Carole Bouquet, obìnrin tó ti bá James Bond ṣeré, tí ẹwà rẹ̀ ń bani lẹ́rù. Akọ̀wé tuntun kan wá dé sí ọ́fíìsì Bernard, ó sanra díẹ̀, kò sì sí oge lára rẹ̀. Màámi rí i, wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Hẹ́ẹ̀! Wọ́n ti yọ ọ́!"

Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀, wọ́n ń dúró de àwàdà. Àwàdà ò dé. Bernard wò ó, òun náà wo Bernard. Orin Schubert ń lọ lábẹ́lẹ̀. Màámi ní, "Kí ló dé tí kò bú ẹnikẹ́ni?" Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Nígbà tó yá, tí ojú akọ̀wé yẹn kún gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, mo tún fẹnu sí wọn létí, wọ́n bá gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún. "Má túmọ̀ mọ́. Mo ti gbọ́."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wo fíìmù yẹn ṣáájú àná, àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí obìnrin yẹn ṣe. Ó mọ̀ pé a ti mú ẹ̀rín dání wá. Kò gbà á lọ́wọ́ wa; ó jẹ́ kó tutù sí wa lọ́wọ́. Àwa tá a fẹ́ràn ká máa sọ pé ìwà lẹwà, fíìmù yẹn ò bá wa sọ ọ́ o. Kò sí ibi tó ti ní ìwà akọ̀wé dára ju ti ìyàwó ilé lọ. Ọkùnrin kan kàn rí obìnrin kan ni, gbogbo ilé sì dàrú.

Balasko tó ṣe akọ̀wé yẹn àti Carole Bouquet wà lára àwọn tí wọ́n dárúkọ fún César, àmì-ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ Faransé, ti òṣèrébìnrin tó peregedé jù lọ lọ́dún 1990. Carole Bouquet ló gbà á. Mo sọ ọ́ fún Màámi, wọ́n pòṣé. "Ẹ wò ó. Nínú eré, ó gba ọkọ arẹwà. Lóde, arẹwà gba tiẹ̀ padà."

Ó jọ pé Balasko náà mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, torí kò jókòó de ẹni tó máa kọ eré fún irú ara tó ní. Ó ti ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀, láti ọdún 1985 ló sì ti ń darí fíìmù. Gazon maudit ti ọdún 1995 ló wá mì ìlú: nǹkan bí mílíọ̀nù 4 èèyàn ló wò ó ní ilẹ̀ Faransé, òun àti Telsche Boorman sì jọ gba César ìtàn kíkọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nínú rẹ̀, ọkọ̀ obìnrin kan bà jẹ́ níwájú ilé tọkọtaya kan. Ó wọlé, ó bá wọn tún ẹ̀rọ omi ìdáná ṣe, ìyàwó ilé sì kó sínú ìfẹ́ rẹ̀. Balasko fúnra rẹ̀ ló ṣe obìnrin ọlọ́kọ̀ yẹn. Mi ò tíì túmọ̀ eléyìí fún Màámi. Mo ṣì ń wá bí màá ṣe gbé e kalẹ̀.

Lọ́dún 2000 wọ́n fún un ní César ọlá, bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí. Lọ́dún 2009 ó ṣe Le Hérisson, níbi tó ti jẹ́ aṣọ́lé kan tó ń fi ìwé kíkà rẹ̀ pamọ́ fún àwọn olówó inú ilé. Ìyẹn ni mo fẹ́ fi han Màámi tẹ̀ lé e.

Ọ̀rẹ́ mi kan ti fi fáìlì míì ránṣẹ́. Mò ń jáde lọ ra epo jẹnẹrétọ̀ báyìí, Màámi sì ti ní kí n má pẹ́ lọ́nà o, pé ẹnìkan ṣì wà nínú lífítì.