Iyán Ti Délẹ̀, Kí Ló Wà Pẹ̀lú Ẹ̀?

Ọ̀kun o gbogbo ilé! Láti Kábbà dé Ìsánlú, láti Ìyàrá dé Ẹ̀gbẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa lè jẹ ìrẹsì yó tán kó ṣì máa bèèrè pé oúnjẹ dà, torí kò tíì rí iyán. Mi ò bá iyán jà o, ibi tí mo ti ń jà ni abọ́ tí iyán ti kún dẹ́nu tí ọbẹ̀ ò wá ju ìwọ̀n tá a fi ń tọ́ adùn wò lọ.

Nílé ìwé, tíṣà kọ́ wa pé ìsọ̀rí mẹ́fà loúnjẹ ní: èyí tó ń fúnni lókun, èyí tó ń mú ara dàgbà, ọ̀rá, fítámì, mínírà, àti omi. A há a sórí, a gba máàkì, a délé a jẹ iyán. Ẹlòmíì á mu ẹ̀kọ láàárọ̀, á jẹ ẹ̀bà lọ́sàn-án, á wá fi iyán kádìí ẹ̀ lálẹ́, á ní òun ti pààrọ̀ oúnjẹ. Ìsọ̀rí kan náà ni gbogbo ẹ̀ o jàre! Iṣu, gbágùúdá, àgbàdo, ọkà bàbà, ìrẹsì, fìlà nìkan lẹ pààrọ̀, agbádá kan náà ló wà lọ́rùn yín.

Èyí tó ń mú ara dàgbà ò sì wọ́n wa tó bá a ṣe ń pariwo. Ẹ̀wà ńkọ́? Egúsí, ẹ̀pà, wàrà táwọn ìyá Fúlàní ń gbé kiri, ẹja Lọ́kọ́ja níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Àwa la ń kó ẹyin adìẹ wa lọ sọ́jà ká lè fi owó ẹ̀ ra indomí fọ́mọ, ó máa ń yà mí lẹ́nu ṣá.

Ti ọ̀rá ò le: gíráàmù kan ń mú kálórì 9 wá, ti èyí tó ń fúnni lókun àti èyí tó ń mú ara dàgbà ò ju 4 lọ, torí náà ẹ rọra da epo. Ẹ má sì yọ́ epo pupa títí pupa ẹ̀ á fi lọ, pupa yẹn gan-an lara ń sọ di fítámì A.

Èyí tó ń dùn mí jù ni kajú. Bó bá ti di February sí April, gbogbo oko kún fún un, a ó já kóró rẹ̀ fún àwọn tó ń rà á, a ó da ara èso náà sídìí igi kó máa jẹrà, bẹ́ẹ̀ fítámì C inú ẹ̀ ju ti ọsàn lọ dáadáa, fítámì yìí ló sì ń jẹ́ kára rí áyọ́ọ̀nù, ìyẹn mínírà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, gbà dáadáa látinú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Lóòótọ́ ó máa ń fún èèyàn lọ́fun, oje ẹ̀ kì í sì í kúrò lára aṣọ, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi ooru omi gbígbóná sè é díẹ̀, ọ̀fun á sinmi. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣà á ni kẹ́ ẹ jẹ ẹ́, kì í pẹ́ bàjẹ́.

Àwọn onímọ̀ ní Harvard ní kí ìdajì abọ́ jẹ́ ẹ̀fọ́ àti èso. Ẹ gbé ìyẹn síwájú bàbá àgbà ní Mọ̀pà, á ní ṣé ewúrẹ́ lòun ni? Kò le tó bẹ́ẹ̀, ẹ kàn bu ẹ̀fọ́ ṣíbí méjì sí i, kẹ́ ẹ gé iyán kù díẹ̀. Ẹni tí dókítà bá ti sọ pé ṣúgà ẹ̀ ga, ti dókítà ni kó tẹ̀lé o, kó má wá fi èyí tí mo kọ yìí bá a jiyàn.