Pípààrọ̀ ọkọ̀ ojú irin ní London Bridge pẹ̀lú àwọn ọmọdé

Bí èmi àti àwọn ọmọ mi méjèèjì bá ń lọ láti Peckham Rye sí Stratford, ibùdókọ̀ London Bridge nílùú London ni a ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ti ọ̀nà Jubilee. Mo máa ń jẹ́ kí èrò tó ń kánjú kọ́kọ́ kọjá ná, nítorí pé ẹni tó pọn ọmọ kan, tó tún fa èkejì lọ́wọ́, kò lè bá wọn du ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀ ni kí ẹ gbà níbi tí wọ́n ti ń fi káàdì kan ẹ̀rọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kì í sanwó nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ bó bá wà pẹ̀lú àgbàlagbà tó sanwó. Àtẹ̀gùn tó ń dá rìn ni ẹ̀gbọ́n máa ń fẹ́ gùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ agbéniròkè ni mo máa ń yàn, bí èrò ibẹ̀ tilẹ̀ pọ̀. Ní ti Jubilee, ògiri gíláàsì wà létí ibi tí èrò ń dúró sí, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í sì í ṣí àfi bí ọkọ̀ bá dúró. Ti Northern, ọ̀nà ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kejì ní ibùdókọ̀ náà, kò ní irú rẹ̀, nítorí náà ẹ di ọmọ mú ṣinṣin níbẹ̀.