Owó Ife

Ní ọdún 2015 tí mo kọ́kọ́ dé Nürnberg nílẹ̀ Jámánì, díẹ̀ ló kù kí n bá obìnrin kan jà nítorí ife. Àwa mẹ́ta tá a jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó la jọ lọ sí Hauptmarkt, gbàgede ńlá tó wà láàárín ìlú àtijọ́, níbi tí wọ́n ti ń ná ọjà Kérésì. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kò tíì lù, àmọ́ ilẹ̀ ti ṣú biribiri. Mo ka iye tí wọ́n kọ sára pátákó, mo ṣẹ́ owó mi, mo nà án sí obìnrin tó ń ta wáìnì gbígbóná. Ó ní kò pé. Mo tún pátákó wò, mo ní ó pé. Ó ní, "Pfand." Lójú tèmi, irú wáìnì kan ló ń jẹ́ Pfand, mo bá sọ fún un pé mi ò fẹ́ Pfand o, èyí tó ń gbóná nínú ìkòkò yẹn ni kó bù fún mi. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà wọn.

Owó ìdógò ife ni wọ́n ń pè ní Pfand. Ife gidi ni wọ́n fi ń ta wáìnì níbẹ̀, kì í ṣe oníke, wọ́n sì ya àwòrán sí i lára. Àwòrán tọdún yìí kì í ṣe tèṣí. Wàá san owó wáìnì, wàá san owó ife lé e. Tó o bá mu ún tán tó o dá ife padà, wọ́n á dá owó ẹ padà. Tí ife bá sì wù ẹ́, máa gbé e lọ, owó ti di tiwọn nìyẹn.

Ojú tì mí nígbà tí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ fún mi tán, torí ọmọ ẹni tó ti gba owó ìgò lọ́wọ́ ìdajì àdúgbò Mọ́kọ́lá ni mí. Mínírà ni màmá mi tà n'Íbàdàn, láyé ìgbà tí mínírà ò tíì máa wọ ike. "Ìgò yín dà?" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ ọ́n sọ fún oníbàárà. Ẹni tí kò mú ìgò wá, kó sanwó ìgò, tàbí kó dúró mu ún níwájú ìsọ̀. Èmi á sì jókòó sórí kíréètì, màá máa ṣọ́ ọ̀fun ẹ̀. Àwọn tó sanwó ìgò yẹn gan-an ni màmá mi kórìíra jù. Kíréètì tí ìgò inú ẹ̀ ò bá pé mẹ́rìnlélógún, wọn ò ní gbà á níbi tó ti ń lọ kó ọjà, owó ìgò tó gbà ò sì lè bá a ra ìgò níbì kankan. Tó bá wá pàdé oníbàárà náà lọ́nà, ohun tí yóò gbọ́ ni, "Ṣebí mo ti sanwó ẹ̀, Màmá?" Lọ́jọ́ tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, a ò ní gbádùn nílé.

Àwọn ará Nürnberg máa ń pe ọjà yìí ní ìlú kékeré tí wọ́n fi igi àti aṣọ kọ́. Ìsọ̀ bíi 180 ló máa ń wà níbẹ̀, pákó ni gbogbo wọn, aṣọ onílà pupa àti funfun ló sì wà lórí wọn. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé kò sẹ́ni tó ń pe èèyàn. Bó o bá wọ Bódìjà lóṣù Kejìlá, kó o tó dé ìdí ẹni tó o fẹ́ rajà lọ́wọ́ ẹ̀, èèyàn mẹ́fà á ti fà ẹ́ lápá. "Oníbàárà mi, ẹ ò rí mi ni?" "Àǹtí, ẹ wo tòmátì àárọ̀ yìí!" "Ìyàwó, ibí ni ọkọ yín ní kẹ́ ẹ yà sí o!" Ní Hauptmarkt, ẹni tó ń tajà á dúró wọ̀ọ̀ lẹ́yìn ọjà ẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú, àfi tó o bá bi í ní nǹkan.

Ọdún kejì tí èdè Jámánì mi ti ń dán díẹ̀, mo gbìyànjú láti ná ọjà. Mo mú Lebkuchen, ìpápánu ọdún wọn, mẹ́rin, mo ní kí bàbá tó ń tà á bá mi dín in. Kò bínú. Ó rọra fi ìka tọ́ka sí iye tó wà lára pátákó, bí ẹni pé ojú ló ń dùn mí. Mo ní ó dáa, kó fún mi léènì. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ èènì lédè wọn títí dòní, àlàyé ni mo ń ṣe: mẹ́rin ni mo rà, kó fi kékeré kan lé e látọkàn wá, kí n lè padà wá lọ́la. Ó rẹ́rìn-ín gan-an. Ó kó mẹ́rin sínú báàgì, ó ní kí n ṣọdún ire.

Kí n sòótọ́, iye tó lójú yìí ní ìbàlẹ̀ ọkàn tiẹ̀. Oúnjẹ tó o rà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ọjà, iye kan náà ni wọn yóò tà á lọ́jọ́ kẹtàlélógún. Ẹ lọ wo adìyẹ n'Íbàdàn: adìyẹ oṣù Kọkànlá àti adìyẹ àìsùn Kérésì, bí ẹni pé kì í ṣe ìyá kan náà ló bí wọn. Bí mo bá sì lọ sílé, tí alátà gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ tó sì wo bàtà mi, ata nìkan kọ́ ló ń kà mọ́ mi lọ́wọ́, ó ń ka ọkọ̀ òfurufú mọ́ ọn. Síbẹ̀ àárò ìjà yẹn máa ń sọ mí.

Oúnjẹ ibẹ̀ tó dùn mọ́ mi jù ni sọ́séèjì wọn. Kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, sẹ̀ǹtímítà méje sí mẹ́sàn-án. Orí iná igi ni wọ́n ti ń yan án, mẹ́ta ni wọ́n sì ń tò sínú búrẹ́dì kan. Láti 2003 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti là á kalẹ̀ pé èyí tí wọn ò bá ṣe ní Nürnberg kò gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ Nürnberg. Mo máa ń rò ó wò pé ká ní irú òfin yìí wà nílé, mélòó nínú gàrí Ìjẹ̀bú tá à ń rà ni yóò ṣì máa jẹ́ Ìjẹ̀bú?

Lebkuchen ní tiẹ̀ dà bí bisikíìtì tó dà bí kéèkì. Èyí tó ga jù nínú wọn, Elisen, ìyẹ̀fun inú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, álímọ́ńdì àti irú àwọn èso bẹ́ẹ̀ ló kún inú ẹ̀. Àmọ́ òórùn ẹ̀ ló mú mi. Kànáfùrù! Kànáfùrù tí màmá mi máa ń rà lọ́wọ́ àwọn lẹ́kuléja lójà Ọjà'ba, tó máa ń fi há ihò eyín tó bá ń dùn ún. Atalẹ̀ náà wà nínú ẹ̀. Èyíkéyìí nínú méjèèjì kì í hù ní Jámánì; àwọn oníṣòwò Nürnberg ayé àtijọ́ ló ń lọ kó wọn wá, oyin ni wọ́n ń rí nínú igbó tiwọn.

Ọjà náà ti pẹ́. Àpótí kékeré kan wà ní mùsíọ́ọ̀mù ńlá tó wà nínú ìlú yẹn, ẹ̀bùn tẹ́nì kan fi ránṣẹ́ sẹ́nì kan láti ọjà yìí ni. Wọ́n kọ orúkọ ọjà sí ìdí ẹ̀, pẹ̀lú ọdún 1628. Àmọ́ kí ilé àtijọ́ má tàn yín jẹ. Bọ́ǹbù tí wọ́n jù lálẹ́ ọjọ́ kejì oṣù Kìíní 1945 ló wó ọ̀pọ̀ jù lọ ìlú yẹn palẹ̀, wọ́n tún un kọ́ ni. Gbọ̀ngàn Mápó wa tí wọ́n ṣí ní 1929 ni ẹ̀gbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ilé tí àwọn àlejò ń ya fọ́tò wọn yìí. Ṣọ́ọ̀ṣì Frauenkirche tó dojú kọ ọjà náà, orí ilẹ̀ sínágọ́gù ni wọ́n kọ́ ọ sí, lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn Júù ìlú náà nípakúpa ní 1349. Ibẹ̀ la máa ń dúró sí mu wáìnì.

Ní Nürnberg, Bàbá Kérésì kọ́ ló ni ọdún, Christkind ni, ìyẹn Ọmọ Jésù. Ọmọbìnrin tó wà láàárín ọdún 16 sí 19 ni wọ́n ń yàn, ọdún méjì ló sì ń lò. Ó gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.60, kò sì gbọ́dọ̀ máa bẹ̀rù ibi gíga, torí òkè Frauenkirche ló ti máa ń kí èrò káàbọ̀ lálẹ́ tí wọ́n bá ṣí ọjà. Adé wúrà, aṣọ funfun òun wúrà, wíìgì aláwọ̀ wúrà. Ní 2019, Benigna Munsi ni wọ́n yàn, Íńdíà ni bàbá ẹ̀ ti wá. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan kọ ìkọkúkọ nípa ẹ̀ sórí Facebook, aráàlú sì gbè é lẹ́yìn gbágbáágbá. A lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọmọ mi, ọmọ ọdún márùn-ún, wà léjìká bàbá ẹ̀. Ó wo òkè títí, ó ní, "Mọ́mì, wíìgì yẹn ò lè gba irun mi." Mi ò tíì mọ èsì tó yẹ kí n fún un. Bàbá Kérésì tí èmi bá pàdé n'Íbàdàn, òwú ló fi ṣe irùngbọ̀n, òógùn sì ti mú un ṣí sápá kan. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí bàbá ẹ̀ ti wá.

Ohun tó pẹ́ kó tó yé mi ni pé ìta ni wọ́n ti ń ṣọdún tiwọn, kó tó dọjọ́ ọdún. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹni tí kì í kí mi lórí àtẹ̀gùn á fèjìká kan mi lọ́jà, á sì rẹ́rìn-ín. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ kẹrìnlélógún, wọ́n á palẹ̀ mọ́, kálukú á wọlé, á tilẹ̀kùn. Nílé tiwa, ibi tá a ti ń làágùn kí ọdún tó dé ni ọjà. Ọjọ́ ọdún gan-an ni ilẹ̀kùn tó ń ṣí. Ilé Àlàájì tó wà níwájú wa ni abọ́ àkọ́kọ́ máa ń lọ, kí àwa gan-an tó jẹun. Ẹran Iléyá tiwọn ò sì fò wá rí.

Ní 2015 yẹn, mi ò mọ̀. Mo ṣíwọ́ iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti tì. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bọ́ sí Ẹtì, ìsinmi ni. Ọjọ́ kejì ẹ̀ Àbámẹ́ta, ìsinmi tún ni. Ọjọ́ kẹta ẹ̀ Àìkú, wọn kì í tajà lọ́jọ́ Àìkú. Ọkọ mi àtọmọ ò tíì wá. Gàrí ni mo fi ṣọdún, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, mo sì ń gbọ́ ohùn ẹsẹ̀ ara mi nínú ilé.

Lẹ́yìn tí wọ́n dé, mo se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù lọ́jọ́ ọdún, mo bu abọ́ kan, èmi àtọmọ mi gbé e lọ fún màmá àgbàlagbà tó ń gbé lókè wa. Wọ́n ṣílẹ̀kùn díẹ̀ láìtú ẹ̀wọ̀n ara ẹ̀, wọ́n bi mí bóyá nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Mo ní rárá, ọdún ni. Wọ́n gbà á tìyanutìyanu. Lọ́jọ́ kejì, mo rí ìwé pélébé nínú àpótí lẹ́tà wa: ṣé aago mẹ́ta ọ̀sán máa rọrùn fún wa kí wọ́n wá dá abọ́ padà? Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá péré ló wà láàárín wa. Aago mẹ́ta géérégé, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Abọ́ ti mọ́ tónítóní, bisikíìtì tí wọ́n fọwọ́ ara wọn yan ló sì kún inú ẹ̀. Ọdọọdún la ti ń ṣe é báyìí. Ìwé pélébé náà ò yẹ̀ rí.

Oṣù Kejìlá 2024, mi ò lọ sí ọjà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lọ́jọ́ kejìdínlógún, Ọjọ́rú, àwọn ọmọdé ti lọ gba ẹ̀bùn ọdún ní Baṣọ̀run n'Íbàdàn, èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ọmọ 35 ló kú. Mo pe ilé títí ọwọ́ mi fi ń gbọ̀n. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ọkùnrin kan wa mọ́tò wọ inú ọjà Kérésì ní Magdeburg, ó pa èèyàn. Màmá mi ló pe èmi lọ́tẹ̀ yìí. Wọn ò mọ̀ pé Magdeburg jìnnà sí wa. Jámánì ni wọ́n gbọ́, ọjà Kérésì ni wọ́n gbọ́. Níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, Magdeburg ni gbogbo ẹnu ń sọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́ nípa Baṣọ̀run, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ife ọdún yẹn ni mo gbé lọ sílé fún màmá mi lóṣù Kejì, kí wọ́n máa fi mu tíì. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn.

"Ó dáa gan-an, Àbẹ̀ní. Èló ni wọ́n ń tà á?"

"Wọn kì í tà á, Màmá. Owó ìdógò ni mo san. Téèyàn bá dá ife padà, wọ́n á dá owó ẹ̀ padà."

"O ò wá dá a padà?"

"Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, Màmá. Ṣebí mo ti sanwó ẹ̀?"

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Màmá mi wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n wá ọ̀rá, wọ́n wé ife náà dáadáa, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ aṣọ nínú àpótí mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èlùbọ́.